Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Lọ́dọ̀ Tẹ́rápísìtì: Bí Ẹ Ṣe Máa Múra àti Ohun Tí Wọ́n Máa Bi Yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ rí tẹ́rápísìtì, ìyẹn onímọ̀ tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ ló rò pé àwọn á jókòó, àwọn á tú ohun tó wà nínú àwọn sílẹ̀, wọ́n á sì ti sọ ohun tí àwọn máa ṣe kí àwọn tó dìde. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ló ń gba ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó jókòó níwájú yín fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe yín, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le sí i, àti bóyá ewu kan wà nílẹ̀ tí kò lè dúró dọ̀la. Ẹ̀yin náà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ ló máa ń jáde pẹ̀lú ìbínú pé "wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi", tí kò sì ní padà lọ mọ́.

Ẹni tí ẹ fẹ́ lọ rí

Dókítà ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ dókítà parí kó tó wá gbájú mọ́ àìsàn ọpọlọ. Òun ló ń kọ oògùn, òun náà ló lè ní kí wọ́n dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù. Saikọ́lọ́jísìtì kì í kọ oògùn ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìdánwò orí ìwé àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé, owó àti ẹbí ni sósà wọ́kà ń báni mójú tó. Orúkọ kánsẹ́lọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún díẹ̀: ẹni tó kàwé gboyè ń jẹ́ ẹ, ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù náà ń jẹ́ ẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í níbi tó ti kàwé, oyè tó gbà, àti ẹni tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ti gbọ́ ìbéèrè yìí rí, kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọsibítù ọpọlọ tó lórúkọ jù ni ti Yábàá ní Èkó, tó ti wà láti 1907, àti ti Aro ní Abẹ́òkúta. UCH ní Ìbàdàn, LUTH àti LASUTH ní Èkó, àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọsibítù ńlá tó ń tọ́jú onírúurú àìsàn, náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ tiwọn. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí wọn lẹ́nu géètì Yábàá tàbí Aro, nítorí ohun tí aráyé ń pe ibẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọrí sí UCH tàbí LUTH. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ojú, eyín tàbí ẹsẹ̀ ló wá tọ́jú.

Bí ẹ bá ní HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera), ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà tí ẹ ń rí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fún ọsibítù ní kóòdù, nọ́ńbà tó fi hàn pé àwọn máa sanwó. Àwọn mìíràn ń san owó dókítà ọpọlọ, wọn kì í san ti tẹ́rápì. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò gba kóòdù kó tó kúrò nílé sábà máa ń fi gbogbo àárọ̀ jókòó níbi ìsanwó, tí á sì padà fi owó àpò ara rẹ̀ san án.

Ìwé ojú kan

Ẹ má gbára lé ọpọlọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí àyà rẹ̀ sì ń já, máa ń gbàgbé ìdajì ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ mú ìwé kan, ojú kan péré, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i.

Àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta tó ń dà yín láàmú jù, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiyín. Ẹ má lọ yá orúkọ àìsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Mo ní depression" kò sọ púpọ̀ fún onímọ̀ tó ń gbọ́ ọ. "Mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí aago mẹ́wàá, oúnjẹ kò sì dùn lẹ́nu mi mọ́" sọ púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé orí yín ló ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, tí ara ń ta yín bí ẹni fi ata pa á, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa ti mọ irú ìráhùn yìí tipẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ìdààmú ọkàn lè gba ara jáde. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni kí aláìsàn sọ ti orí gbígbóná nìkan, kó fi ẹkún òru pamọ́.

Ìkejì ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ sàmì sí i: lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kejì, kí bàbá tó kú, oṣù tí wọ́n dá wa dúró níbi iṣẹ́. Ìkẹta, oorun. Fún alẹ́ 7 ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ máa kọ aago tí ẹ wọlé sùn, aago tí oorun gbé yín lọ, àti aago tí ẹ jí. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ, torí àtisùn tó nira àti jíjí láàárọ̀ kùtùkùtù láìlè padà sùn kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹni tó ń tọ́jú yín.

Ìkẹrin ni gbogbo ohun tí ẹ ń lò, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀: oògùn ìfúnpá, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, àgbo, agúnmu, oògùn oorun tí ẹ rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Ẹ kó páálí àti sáṣẹ́ẹ̀tì wọn dání bí ẹ kò bá mọ orúkọ wọn. Àwọn oògùn kan wà tí kì í bá ara wọn ṣe; ti àgbo ló tiẹ̀ le jù láti mọ̀, torí ẹni tó rà á gan-an kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí nínú ẹbí. Ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ kò yọ ti wòlíì, àfáà tàbí babaláwo sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọjọ́ 21 gbààwẹ̀ ní orí òkè, tàbí tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún yín, ẹ sọ ọ́.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ

Ní ọsibítù ìjọba, ẹ tètè dé, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì má fi iṣẹ́ mìíràn sí ọjọ́ náà. Ẹ máa gba káàdì, ẹ máa sanwó, nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá àti ìwúwo yín, lẹ́yìn náà ìjókòó ló kù. Dókítà tó kéré ní ipò ló sábà máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu yín, ó sì lè tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni á lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá á sì tún bi yín ní díẹ̀ nínú ìbéèrè náà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n rò pé irọ́ lẹ pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wà nínú yàrá. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ ò fẹ́ wọn níbẹ̀, ìtọ́jú yín kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn dínkù.

Wọ́n lè ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Bí ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ thyroid bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí àníyàn ń bá jà. Bí kò bá sì ṣiṣẹ́ tó, ó máa ń rẹni, ọkàn á sì wúwo. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń fa àárẹ̀ tó jọ ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọ̀rọ̀ sísọ kò lè wo èyíkéyìí nínú wọn.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà kejì tàbí ìkẹta tí ẹ bá lọ ni ẹ máa tó rí saikọ́lọ́jísìtì. Lọ́dọ̀ aládàáni, ọ̀nà kúrú: wọ́n á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù, ìjókòó àkọ́kọ́ á sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 sí 90. Èyí tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́, ìṣẹ́jú 20 ti lọ nínú tiyín nìyẹn, torí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn.

Yorùbá lẹ lè sọ. Ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́, kó má di pé ẹ dé iwájú ẹni tí kò gbọ́ èdè kí ẹ tó máa wá ọ̀gbufọ̀. Ọmọ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gbufọ̀ náà. Ohun tí ẹ ò ní lè sọ lójú rẹ̀ pọ̀.

Àṣírí, àti ibi tó mọ

Kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún yín bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ yín mọ́. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ béèrè. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ohun tó bá wà nínú fáìlì aláìsàn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ti gba ipò òfin ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe máa ti "wèrè" mọ́lé.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí àṣírí mọ. Bó bá hàn pé ẹ fẹ́ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn, bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, wọ́n lè bá ẹlòmíràn sọ ọ́, kìkì ohun tó bá yẹ. Panṣágà, gbèsè, igbó, oyún tí ẹ ṣẹ́: kò sí nínú èyí. Ọkọ yín kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ọsibítù kí wọ́n sì máa ròyìn yín fún un, àní bó bá jẹ́ òun ló ń sanwó.

Àwọn ìbéèrè tó ń báni lójijì

Wọ́n á béèrè nípa ìgbà èwe yín, ilé ìwé, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìbálòpọ̀. Wọ́n á béèrè ọtí, paraga, sìgá, igbó, tírámádọ̀, omi ikọ́ tó ní codeine. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fi ọtí pamọ́ lè gba oògùn tó máa mú un dákú bó bá pàdé ọtí nínú ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n máa fi oṣù mẹ́ta tọ́jú àníyàn tó jẹ́ pé ọtí tó ń kúrò lára ló ń fà á.

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́?" Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Wọ́n lè bi yín ọjọ́ tí a wà, kí wọ́n ní kí ẹ yọ 7 kúrò nínú 100, kí ẹ sì máa yọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pa òwe kan kí wọ́n ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà a máa bínú sí èyí, pé ọmọ àná ń dán òun wò. Ìdánwò gidi ni: bí èèyàn ṣe ń túmọ̀ òwe ń fi hàn bóyá ìrònú rẹ̀ ṣì ń wọnú ọ̀rọ̀ tàbí orí awẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló dúró lé.

Ìbéèrè tó wúwo jù ni ti ikú. "Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ kú?" Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbin ín síni lọ́kàn, dókítà tí kò bá béèrè ló kùnà. Ẹ dáhùn bó ṣe rí gan-an, torí ìpele ló wà níbẹ̀. "Ó ń wù mí kí n sùn kí n má jí" yàtọ̀ sí "mo ti mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà". Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á jókòó tì yín láti kọ ètò kan: ẹni tí ẹ máa pè bó bá tún dé, ohun tó yẹ kí wọ́n gbé kúrò nílé, ẹni tó máa sun ọ̀dọ̀ yín, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá, tí kì í jìnnà. Bó bá jẹ́ pé lónìí gan-an ni èrò náà le, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ wá ẹnì kan tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lọ tààrà sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà wà.

Ìwé tí ẹ máa fi àmì sí

Ọ̀pọ̀ ibi ló ń lo ìwé ìbéèrè kúkúrú méjì. PHQ-9 ní ìbéèrè 9 nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. GAD-7 ní 7 nípa àníyàn. Bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni wọ́n ń béèrè, láti 0 (rárá) dé 3 (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́). Àpapọ̀ PHQ-9 kò lè ju 27, ti GAD-7 kò lè ju 21. Máàkì 10 sókè nínú èyíkéyìí ń mú kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. 20 sókè nínú PHQ-9 fi hàn pé ó ti le. Máàkì nìkan kò tó láti sọ orúkọ àìsàn. Wọ́n máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara ń yá.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń fi gbogbo ìgbésí ayé wọn dáhùn dípò ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn ń kọ 0 sí gbogbo rẹ̀ torí wọn ò fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe ibi. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá gbàdúrà lé e lórí lẹ́yìn náà bó bá wù yín. Bí ìwé náà bá wà ní gẹ̀ẹ́sì tí kò yé yín, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá.

Mọ̀lẹ́bí tó bá tẹ̀ lé yín

Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954, àárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, mọ̀lẹ́bí kan sì máa ń wà pẹ̀lú wọn. Ẹbí ṣì wúlò lónìí. Ìyàwó ló mọ̀ pé ọkọ ń sọ̀rọ̀ lóru. Ẹ̀gbọ́n ló rántí irú èyí tó ṣe yín ní ọdún 2015. Wàhálà ibẹ̀ ni kí mọ̀lẹ́bí gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ọmọ kò sì lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó jáde. Dókítà lè sọ ọ́. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń wọn ìfúnpá yín, pé ẹ fẹ́ dá wà pẹ̀lú dókítà. Á bá yín ṣe é bí ìlànà ọsibítù, inú ẹnikẹ́ni kò sì ní bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ orí fóònù tàbí fídíò

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Inú mọ́tò tó dúró síbi tó láàbò, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí díẹ̀, dára ju pálọ̀ lọ. Ẹ lo íafóònù, ẹ gba iná sí fóònù kó kún, kí ẹ jọ fẹnu kò sí ohun tí ẹ máa ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já: ta ló máa pe ẹnì kejì? Wọ́n á bi yín níbi tí ẹ wà gan-an àti nọ́ńbà ẹnì kan tó sún mọ́ yín. Torí ewu ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ní láti mọ ibi tí wọ́n máa rán ìrànlọ́wọ́ sí.

Fún àwọn tó wà ní òkè òkun

Ní England, ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti ìjọba, láìkọ́kọ́ rí GP (dókítà àdúgbò). Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀gbufọ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Orí fóònù ni ìjókòó àkọ́kọ́ sábà máa ń wáyé, nọ́ńbà tó sì ń pè lè má hàn. Ọ̀pọ̀ ń pàdánù ọjọ́ wọn torí wọn kì í gbé ìpè tí kò lórúkọ. Bó bá di pàjáwìrì tó jẹ mọ́ ọpọlọ, ẹ pe 111 kí ẹ tẹ 2. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni.

Bí tẹ́rápísìtì yín bá jẹ́ òyìnbó, ẹ ṣàlàyé fún un pé a kì í wo àgbà lójú gan-an níbi tí a ti tọ́ yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè kọ sínú fáìlì pé ẹ ń sá fún ìbéèrè. Bó bá sì jẹ́ pé "ayé" lẹ gbà pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Tẹ́rápísìtì tó dáa kò ní fi yín rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbé ìjọsìn tirẹ̀ lé yín lórí.

Kí ẹ tó dìde

Ẹ má jáde láìmọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe yín, bí kò tilẹ̀ tíì dá wọn lójú. Irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ lò. Iye ìgbà tí ẹ máa wá. Iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àti ohun tí ẹ máa ṣe nílé. CBT, ìtọ́jú tó ń yẹ ìrònú àti ìṣe wò pọ̀, sábà máa ń gba ìjókòó 6 sí 20. Bí wọ́n bá kọ oògùn, ẹ béèrè ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n inú rírú àti orí fífọ́ lè dé láti ọjọ́ kejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń da oògùn nù. Bí ẹ fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa yí aago ìlò rẹ̀ padà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ó lè rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà, kí ẹkún tún máa gbọ̀n yín wò lálẹ́. Ẹ má gba iṣẹ́ tó le tàbí àríyànjiyàn ẹbí sí ìrọ̀lẹ́ náà. Bó bá kọjá ọjọ́ díẹ̀ tí kò rọlẹ̀, ẹ pè wọ́n.

Ẹ fún tẹ́rápísìtì yín ní ìjókòó mẹ́ta kí ẹ tó pinnu pé kò bá yín lára mu, àyàfi bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí: ó ń dárúkọ àwọn aláìsàn mìíràn fún yín, ó ń fọwọ́ kàn yín lọ́nà tí kò yẹ, ó fẹ́ yá owó tàbí bá yín dòwò, ó ń ṣèlérí pé òun máa wò yín sàn lọ́jọ́ kan pàtó. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí kò ṣẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ní wákàtí 24 ṣáájú bí ẹ kò bá ní lè wá, torí ọ̀pọ̀ ló ń gba owó ìjókòó tí ẹ kò bá tètè sọ pé ẹ ò ní wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ ní kó kọ lẹ́tà ojú kan fún yín: ohun tó rí, oògùn tí ẹ ń lò, ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹni tuntun á kà á, ẹ ò sì ní tún gbogbo ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.